Ẹsẹ̀ Tí Mo Jù sí Ojú Òsì Ọ̀rẹ́ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ tán. Ó ti tó ọdún méjìdínlógún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyàwó mi, obìnrin tó jẹ́ pé bí mo bá ń fi oorun tan èèyàn, òun á mọ̀.

Ìdí tí mo fi wá ń sọ ọ́ báyìí ni pé ní Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n máa bi mí ní ìbéèrè kan lójú gbogbo èèyàn. Ìbéèrè náà ò gùn. Mi ò sì mọ ohun tí mo máa fi dáhùn.

Kàráté ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn ní Ìpọ̀nrí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń fi ojú inú wo ikùn mi. Ikùn wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ bí mo bá ju ẹsẹ̀, ẹ̀yin náà á wá ibi sá sí. Sẹ́ńsèè, ìyẹn olùkọ́, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí. Bàbá Hàà ni àdúgbò ń pè mí, nítorí ariwo tá a máa ń pa.

Èmi kọ́ ni mo dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ọ̀gá mi ló dá a sílẹ̀. Wẹ́dà ni bàbá náà ní Pápá Àjàó, kí a tó kó ilé ẹ̀kọ́ náà wá sí Ìpọ̀nrí. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárín àwọn géètì tí wọn ò tíì kùn, ló ti kọ́ èmi àti Múfú.

Múfú lọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, èmi sì jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, nítorí náà kò sí ọjọ́ tá ò bú ara wa. Ó ní ẹsẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wúwo bí odó. Èmi náà á ní ti Ìjẹ̀bú fúyẹ́ bíi gàrí wọn. A ò ní jẹun yó láìjẹ́ pé a tọ́ ara wa níjà.

Òfin kan wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá tí mi ò tíì gbọ́ níbòmíràn. Kí ẹni méjì tó bá ara wọn ja ìjà ìdánrawò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sípárìn, wọ́n á kọ́kọ́ tẹrí ba. Ọ̀gá á wá bi wọ́n pé, "Ibo ló ń dùn yín?" Bó bá jẹ́ orúnkún ló ń dùn ẹ́, wàá fọwọ́ kan orúnkún rẹ. Ẹni tó kọjú sí ẹ náà á fọwọ́ kan orúnkún tiẹ̀. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé: mo ti rí i, mi ò ní débẹ̀. Ẹ̀jẹ́ ni. Kò sí ìwé, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọ̀gá gbá ọmọkùnrin kan níhà tó ti sán tẹ́lẹ̀ nígbà kan rí, láìmọ̀. Látìgbà náà ló ti gbé òfin yìí kalẹ̀.

Bàbá yìí kan náà ló tún máa ń sọ fún wa pé, "Ilẹ̀kùn tó bá ṣí ni kẹ́ ẹ gbà wọlé. Ẹ má máa fi orí gbá ògiri." Òfin méjèèjì ni mo mọ̀. Àwọn méjèèjì ló ń jà nínú orí mi títí dòní.

Télọ̀ ni Múfú ní ọjà Tejuoso. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo bá a tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Kò wọlé. Ó tún kì í, òwú náà gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Télọ̀ wo rèé? Abẹ́rẹ́ gan-an ń sá fún ẹ!"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan wà nítòsí, ó wá na abẹ́rẹ́ náà sí mi. "Gbà, bá mi kì í."

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́. Ojú òsì rẹ̀ ti ń kú lọ. Dókítà ní àìsàn kan ló ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀, pé èyí tó ti lọ níbẹ̀ ò ní padà wá. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, kò fẹ́ kó àyà rẹ̀ sókè. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún Ọ̀gá, torí pé Ọ̀gá ò ní jẹ́ kí òun jà mọ́.

Mo kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ mi, mo fi bo ojú òsì tèmi.

Ó rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ó fa ọwọ́ mi wálẹ̀. "Gbé e kúrò jàre, kó o má lọ kọlu máṣìnnì mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọwọ́ tí mo fi bojú yẹn. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Kò ju oṣù méjì lọ, Ọ̀gá pè wá. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní òun ò lè pín ilé ẹ̀kọ́ sí méjì bí ẹni pa obì. Kí èmi àti Múfú jà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní àmì mẹ́ta ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ àti bẹ́líìtì dúdú Ọ̀gá tó ti ṣá.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, a tẹrí ba. Ọ̀gá ní, "Ibo ló ń dùn yín?"

Mo wo Múfú. Ó ní, "Kò síbì kankan, sà."

Ó wá wò mí, bí ẹni tó rọra ki nǹkan bọ èèyàn lọ́wọ́ tí kò fẹ́ kí ayé rí i. Èmi náà ní, "Kò sí, sà." Mi ò fọwọ́ kan ibì kankan.

Ó gbá mi níkùn, àmì kan. Mo gbá a láyà, ọ̀kan sí ọ̀kan. Báyìí la ṣe títí a fi ní méjì-méjì. Mo rí i pé ó ń yí orí díẹ̀ sí òsì, kí ojú ọ̀tún lè máa ṣọ́ mi. Àwọn tó ń wò rò pé àrà tuntun ló ń dá. Èmi nìkan ni mo mọ ìdí.

Mo na ọwọ́ bí ẹni pé ọ̀tún rẹ̀ ni mò ń lọ. Ó tẹ̀ lé ọwọ́ náà. Mo wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, ó yípo gba apá òsì rẹ̀ lọ, ó bà á ní ẹ̀bátí.

Kò gbé ọwọ́ sókè. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ó ní, "Mi ò rí i."

Gbogbo ilé pariwo. Wọ́n rò pé ó ń yìn mí ni. Ọ̀gá pàápàá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹsẹ̀ yẹn dà bí àlejò tí ò kan ilẹ̀kùn. Àlejò ni a ti ń pe ẹsẹ̀ náà látọjọ́ yẹn. Òun ni àwọn èèyàn fi mọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Èmi ni mo ń kọ́ wọn.

Mo fẹ́ sọ fún yín pé ẹsẹ̀ mi ló dá lọ. Mo tilẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo wá pa á rẹ́. Irọ́ ni. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dán ẹsẹ̀ yẹn wò. Mo so tìmùtìmù mọ́ ilẹ̀kùn pálọ̀ wa, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú sí i. Ojú kan ṣoṣo. Ìyàwó mi bi mí pé ta ni mo yà. Mo ní kì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ti dà rú mọ́ mi lójú nìyí. Òfin Ọ̀gá ni pé ẹni tí ò bá fi ibi tó ń dùn ún hàn, kò ní ẹ̀tọ́ kí a yẹra fún un. Múfú ò fi hàn. Òun ló kọ́kọ́ purọ́ fún Ọ̀gá. Kí sì ni sípárìn bí kò bá ṣe kéèyàn wá ibi tí ẹnì kejì ò rí? Gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ká ní apá rẹ̀ ló kúrú, tí mo sì fi ìyẹn mú un, ta ló máa bá mi wí?

Ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ bo ojú mi. Kò sí Ọ̀gá níbẹ̀, kò sí bẹ́líìtì, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni. Ṣé ẹ̀jẹ́ ni àbí àánú lásán? Bóyá ohun tó jẹ́ kó lè sọ pé "kò síbì kankan" ni pé ó gbọ́kàn lé ọwọ́ tí mo gbé yẹn. Bí mo bá ronú débí, mo tún máa padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń yí mi po bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀.

Kò tó ọdún kan tí ojú náà fi kú pátápátá. Ṣé àìsàn náà ni? Dókítà kúkú ti sọ tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ mi ló bá a yára? Mi ò mọ̀. Mi ò bèèrè rí. Ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà mí.

Múfú ò jà mọ́ látìgbà yẹn. Ó ní iṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ń rán gbogbo aṣọ funfun tí àwa ń wọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Bí mo bá sì kọjá ní Tejuoso, á na ìka sí mi, á pariwo fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Ẹ wò ó! Ìjẹ̀ṣà tó nà mí rèé! Ẹ má jẹ́ kí ikùn yẹn tàn yín o!" Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń yìn mí, bóyá ó mọ̀, bóyá ó ti mọ̀ láti ọjọ́ náà.

Oyún ìgbà yẹn ló di Ràlíátù. Ó fẹ́ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, èmi ni mo sì kọ́ ọ láti kékeré. Bàbá rẹ̀ ló mú un wá. Ó ní kí n má gbàgbé kọ́ ọ ní Àlejò, torí òun lẹni àkọ́kọ́ tó gbà á lálejò.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nígbà tí a ń sinmi láàárín kíláàsì, Ràlí sún mọ́ mi. "Sẹ́ńsèè, mo gbìyànjú Àlejò lára Dádì mi nílé."

Mo ní, "Ṣé o ò tíì sọ bàbá onílé di aláìlórí?"

"Ẹ gbọ́ ná, sà. Tí mo bá gbé e láti ọ̀tún wọn, wọ́n á kàn gba ẹsẹ̀ mi mú. Tó bá jẹ́ láti òsì, ó ń bà wọ́n. Gbogbo ìgbà. Wọn ò tiẹ̀ ń yẹrí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo bi wọ́n, wọ́n ní ojú yẹn ti lọ tipẹ́. Wọ́n ní kí Mọ́mì mi tó mọ̀, ẹnì kan ti mọ̀. Wọn ò dárúkọ onítọ̀hún. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, sà?"

Mo ní, "Ràlí, ṣé wọ́n ti gbà ẹ́ síṣẹ́ ọlọ́pàá ni?"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹnu lásán ni. Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi bo ojú òsì rẹ̀, ó sì dúró.

Ẹ̀yin náà ti mọ òfin wa báyìí. Ó yẹ kí n dá a lóhùn. Kí n bo tèmi.

Mo wo aago. Mo ní, "Ẹ dìde! Gbogbo yín, púṣọ́ọ̀pù àádọ́ta!" Gbogbo kíláàsì ló jìyà ẹ̀rù tó bà mí.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdánwò bẹ́líìtì dúdú Ràlí. Èmi ni yóò bá jà, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é. Bàbá rẹ̀ ti rán aṣọ tuntun fún un, iwájú pátápátá ló máa jókòó sí. A máa tẹrí ba, akẹ́kọ̀ọ́ tó dàgbà jù á wá bi wá pé, "Ibo ló ń dùn yín?" Mo mọ̀ pé Ràlí máa fọwọ́ bo ojú yẹn.

Bí mo bá bo tèmi, mo ti tú àṣírí bàbá rẹ̀, torí ojú Ràlí ò ṣe nǹkan kan, wọ́n á béèrè ojú ta là ń bò. Àṣírí tiẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Gbogbo èèyàn á mọ̀ pé ó purọ́ fún Ọ̀gá tó ti di olóògbé. Bí mi ò bá bò ó, ọmọ tí mo tọ́ láti kékeré á mọ irú ẹni tó tọ́ òun. Mo rò ó pé kí n kọ́kọ́ lọ bá Múfú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé Tejuoso. Nígbà àkọ́kọ́, mo ra ṣòkòtò ọmọdé, kò sì sí ọmọdé nílé wa. Nígbà kejì, ó rí mi láti òkèèrè, ó na ìka, ó ní, "Ìjẹ̀ṣà tó nà mí rèé!" Mo juwọ́ sí i, mo bá tèmi lọ.

Ṣé kí n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un ni? Kí ló fẹ́ fi ṣe báyìí? Àbí ó ti dárí jì mí tipẹ́, tó jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́ lọ hú òkú tó ti sùn? Mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ rárá.

Múfú, bí ẹnì kan bá ka èyí sí ẹ létí, dákun, má bínú. Ẹ̀yin yòókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó pé. Nígbà tí wọ́n bá bi mí pé ibo ló ń dùn mí, ibo ni kí n fọwọ́ kàn? Ojú mi méjèèjì ríran kedere. Wọ́n ríran kedere lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.