Àga Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Mi ní Nant-y-gof

Má wulẹ̀ bọ́ kóòtù, Ifan, ọ̀rọ̀ mi ò pẹ́. Àbí kí o bọ́ ọ, torí ó máa pẹ́ díẹ̀. Lẹ́tà wo lo mú wá? Pé kí n wá ṣe alága ọlọ́lá fún Eisteddfod, àjọ̀dún ìdíje ewì àti ìtàn wa, ní ọdún tó ń bọ̀? Èmi Morfudd Prosser, tí ẹ gba àga tí a fi ń ta ẹni tó borí ìdíje ìtàn lọ́rẹ lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ìlú ní Sátidé, ni ẹ wá ń fi oyè tàn bí ẹni fi súìtì tan ọmọdé. Ìwọ tí o jẹ́ akọ̀wé ìdíje náà lo tún gbé e wá. Ojú ò tì ọ́.

Jẹ́ kí n bi ọ́. Ṣé èmi ni mo ṣòfin pé kí olùdíje máa fi orúkọ àdàpè kọ̀wé, kó fi orúkọ gidi sínú àpòòwé, kó lẹ̀ ẹ́ pa? Bàbá yín àti bàbá wọn ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kí adájọ́ má baà mọ ẹni tó ń dá lẹ́jọ́. Mo kọ ìtàn mi, ojú ìwé mẹ́sàn-án, ní èdè wa, mo kọ “Kannakánná” sísàlẹ̀ rẹ̀. Kí ló burú níbẹ̀?

Pásítọ̀ Tegid Rhydderch gorí ìtàgé, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó ní láti ogún ọdún tí òun ti ń dájọ́, òun ò tíì ka ìtàn ìfẹ́ tó tó èyí. Ó ní ọ̀dọ́kùnrin kan ló kọ ọ́, òun mọ̀, ọ̀dọ́kùnrin tí ìfẹ́ ti dá lóró. Ìwọ náà fọn imú, Ifan, má sẹ́, ẹ̀yìn rẹ ni mo jókòó sí. Wọ́n fọn fèrè, wọ́n ní kí Kannakánná dìde níbikíbi tó bá wà. Mo dìde.

Ṣé ẹnìkan pàtẹ́wọ́? Pásítọ̀ ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyáàfin Prosser, ẹ jókòó, ẹ̀ ń dí àwọn èèyàn lójú.” Ó rò pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí. Ìgbà tí ẹ já àpòòwé, tí ẹ rí orúkọ mi, ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lápò Pásítọ̀, pé àga náà kì í ṣe fún ẹni tó ń fi ìwé kíkọ jẹun. Ìwé ìlànà nìyí lórí tábìlì, ìwọ lo tẹ̀ ẹ́. Fi ibi tí òfin yẹn wà hàn mí. Má yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ìpolówó alápatà ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń fi ìwé jẹun. Kí ni kí n fi jẹun? Nígbà tí òkúta ya lu Hywel ọkọ mi níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ọdún mẹ́tàlá ló fi dùbúlẹ̀ nínú yàrá yẹn, èmi ń tẹ̀wé lórí tábìlì ìdáná yìí, mò ń dìde lọ ro ọbẹ̀ ẹran àgùntàn. Ìwé ìtàn ìfẹ́ méjìdínlọ́gọ́fà ni mo kọ. Àwọn dókítà tí mo ti fún níyàwó kò níye. Mo kọ wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì torí àwọn ará London kì í ra ìwé èdè wa, ohun tí Pásítọ̀ sì fi ń bú mi lórí pẹpẹ nìyẹn, pé mi ò lè kọ gbólóhùn kan tó gún ní èdè ìyá mi mọ́. Ẹ̀yin tó ń mi orí fún un ńkọ́? Mererid ìyàwó rẹ ń gba ìwé mi nínú ọkọ̀ ilé-ìkàwé ní gbogbo Túsìdeé, ó ń fi ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì bo èèpo rẹ̀. Ìyàwó Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ dá mi dúró níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, ó ní kí ló dé tí mo jẹ́ kí nọ́ọ̀sì inú ìwé mi tó kẹ́yìn kú. Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ tó mọ ìwé mi ju èmi lọ.

Má rẹ́rìn-ín. Kò tíì tó ẹ̀rín.

O ní àga lásán ni? Ìtàn tó pa gbogbo yín lẹ́kún yẹn, ti Hywel ni. Ọ̀dọ́kùnrin, àbí? Opó ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ló kọ ọ́, ní èdè tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ láyé mi, òun nìkan ni mi ò tà. Ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà ni mo fẹ́ gbé àga náà sí. Kí lo ń wolẹ̀ fún?

Ó dáa, gbọ́ iṣẹ́ tí mo rán ọ. Ìwé kọkàndínlọ́gọ́fà ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ, orí kẹta ni mo dé. Pásítọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń dájọ́ ìdíje. Títí di òní, èèyàn dáadáa ni. Bí àga mi ò bá dé kó tó di Sọ́ńdè, ìwà rẹ̀ máa yí padà ní orí kẹrin, mi ò sì ní kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Èdè wa ni mo máa fi kọ ọ́, kí gbogbo àfonífojì yìí lè kà á, kí wọ́n kà á síta, láìbo èèpo kankan.

Sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ni kó gbé àga náà wá, kó má rán ọ. Kó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Kó sì nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé.