Mo Ní Ó Tutù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ohun kan wà lọ́rùn mi tí mi ò sọ fún ìyàwó mi pàápàá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fi mí jẹ alága ẹgbẹ́ àwa tí à ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílà ṣọ́ọ̀bù wa ní Yábàá. Wàsíù, tí a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà tẹ́lẹ̀, fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi láti Ògbómọ̀ṣọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire o. Ó tọ́ sí yín." Látìgbà yẹn ni mi ò ti lè dákẹ́ mọ́.

Mi ò kàwé, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kúrò. Síbẹ̀, àwọn tó jáde yunifásítì ló ń gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi. Mo mọ iṣẹ́ dénú. Ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Lọ́dún tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan ní Ìdí-Àràbà, Àǹtí Fúnkẹ́, gbé láptọ́ọ̀pù wá. Ó máa ń gbóná, á sì kú fúnra ẹ̀. Mo tú u, mo nù ún, mo tún un dè. Àṣà mi ni pé kí oníbàárà jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń fi iṣẹ́ líle dán ẹ̀rọ wò. Nọ́ńbà ìgbóná á máa hàn lójú ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ agbára, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ gòkè. Bó bá sinmi, kó wálẹ̀.

Ti Àǹtí Fúnkẹ́ dúró sí ogójì. Kò gòkè, kò wálẹ̀.

"Ẹ wò ó!" ni mo pariwo. "Tútù bí omi inú fíríìjì! Ta ló tún lè ṣe irú ẹ̀?"

Wàsíù, tí tábìlì ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ní, "Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà tí kò mira rárá, ohun tó ń wo ooru nínú ẹ̀ ló ti kú o. Ẹ fọwọ́ kàn án."

"Ìwọ tó ń ta ṣájà? Lọ ta ṣájà ẹ jàre!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Àǹtí náà rẹ́rìn-ín.

Mo fọwọ́ kàn án lábẹ́, níbi tí wọn ò ti rí mi. Ó jó mi níka. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo ń rẹ́rìn-ín lọ. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti ń yìn mí nígbà yẹn. Mo pa ẹ̀rọ, mo gbé e fún un.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, Àǹtí Fúnkẹ́ fi láptọ́ọ̀pù náà sílẹ̀ ní títàn lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ẹ̀, ó lọ sí ilé ìdáná. Fóòmù gbaná. Ìyá ẹ̀ tó sùn síbẹ̀ jóná lẹ́sẹ̀. Màmá náà ò kú, àmọ́ ọ̀pá ló fi ń rìn.

Ẹgbẹ́ pe èmi àti Wàsíù. Mo ní ṣájà tí Wàsíù tà fún àǹtí náà lọ́jọ́ tó wá gbé ẹ̀rọ ló fa iná. Wàsíù ò pariwo. Ó bi mí pé:

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní, "Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù."

Èmi ni wọ́n gbà gbọ́. Wọ́n gba tábìlì ẹ̀. Ó kó ìyàwó ẹ̀, wọ́n padà sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Mi ò sunkún nígbà yẹn, mi ò sì sunkún báyìí. Inú mi dúró sójú kan bíi nọ́ńbà yẹn. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mo ṣì mọṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Àpá wà níka mi. Bí mo bá fi kan ife tíì gbígbóná, mi ò mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ọ̀dọ̀ màmá yẹn ni kí n kọ́kọ́ lọ, àbí kí n dìde níwájú ẹgbẹ́? Mi ò tíì dá Wàsíù lóhùn. Ó tún ti fi ohùn mìíràn ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí: ó ní nígbà tó ti jẹ́ pé èmi ni alága báyìí, ṣé mo lè bá òun bẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n dá tábìlì òun padà.