Eku Inú Ẹ́sítéètì

Ìdí àtẹ olóògùn eku kan ní Ajah ni mo dúró sí nígbà tí ìyá kan fi ọwọ́ bo gbohùngbohùn tí ọkùnrin náà fi ń polówó.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra! Mo dárúkọ oògùn nínú ilé lánàá, kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti jẹ gèlè mi. Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ mi ló kù báyìí."

"Màmá, ẹ máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ nílé."

"Gẹ̀ẹ́sì kẹ̀? Láti ẹ́sítéètì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Lákowẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ!"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá bi mí pé kí ni mo fẹ́ rà.

Mo rántí ṣòkòtò kan ṣoṣo tí wọn kò tíì jẹ nílé mi. Ìka ni mo fi tọ́ka sí oògùn náà.