Àdúà Àlájì Bùsáírì Lórí Àga Ọmọ

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá gbogbo wa, ẹ̀yin jàmáà. Ọ̀rọ̀ amánà ni mo gbé wá lónìí: kí èèyàn má ta ohun tí kò ní jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ lò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ọmọ lé itan níwájú ọkọ̀ wá síbí, ẹ má wojú ara yín. Mo rí yín nígbà tẹ́ ẹ ń sọ̀kalẹ̀.

Àlájì Bùsáírì ń ta àga ọmọdé inú mọ́tò, tòkunbọ̀. Àga tó bá ti wà nínú jàǹbá lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Àwọn tó ṣe é kọ ọ́ sí i lẹ́yìn pé kí wọ́n jù ú nù. Àlájì á fi sáńpépà ha ìkọ̀wé yẹn kúrò, á rán aṣọ tuntun bo ibi tó sán. Tí oníbàárà bá ní kó fún òun ní èènì, á tẹ́wọ́, á ṣe àdúà sórí àga náà. Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ ò ní rà á? Ẹ máa rà á.

Ọlọ́hun wá fi ọmọ ta Múìnátù, ọmọ Àlájì, lọ́rẹ. Lọ́jọ́ ìkómọ, ìyá ọkọ rẹ̀, Hájíà Sèlíátù, gbé àga aláṣọ pupa kan jáde, tó rà lọ́wọ́ alátùntà.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Múìnátù àti ọkọ rẹ̀ ń padà sí Kàdúná. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ mi lé itan. Àlájì, ẹ bá wa ṣe àdúà sí i."

Àlájì tẹ́wọ́. Ojú rẹ̀ bọ́ sára òwú aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi rán aṣọ pupa náà. Òwú pupa ló tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń rán an.

Àwọn àlejò ní, "Àlájì, àmín ti wà lẹ́nu wa o!"

Kí ni kó sọ? Kó ní kí Ọlọ́hun fi àga tó sán ṣọ́ ọmọ? Tó bá sọ òótọ́, ojú á tì í níwájú àna. Tó bá dákẹ́ ńkọ́? Kàdúná jìnnà, jàmáà.

Ó fi eyín já òwú náà. Aṣọ ṣí, gbogbo wọn rí ibi tó sán.

Hájíà figbe ta. "Ṣùgbọ́n alátùntà yẹn ní Àlájì kan ti ṣàdúà sí i!"

"Hájíà, ẹ foríjì mí. Èmi ni Àlájì náà."

Múìnátù gbá ọmọ mọ́ àyà. "Bàbá mi, irú rẹ̀ mélòó lẹ ti tà?"

Kò mọ̀. Títí dòní, ó ń lọ láti gáréèjì dé gáréèjì, ó ń yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ó ń wá iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Jàmáà, àdúà dára, ẹ máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yí àga náà padà, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kí Ọlọ́hun tọ́ wa sọ́nà. Kó má jẹ́ ká fi orúkọ Rẹ̀ bo ohun tó sán. Àmín.