Wáìnì Clarrie Kò Lábùkù

Ẹ jókòó, ẹ̀yin àgbẹ̀ àjàrà Barossa, kí ẹnikẹ́ni má sì pa mí lẹ́nu mọ́. Dókítà ní ọkàn mi kò ní í pẹ́ dákẹ́. Kó tó dákẹ́, èmi Elva Rohrlach, tí ẹ ń pè ní Ahọ́n, máa sọ ohun tí mo fi ahọ́n ọ̀hún ṣe.

Ayé dùn nígbà náà, àbí irọ́ ni mo pa? Bí ìkórè àjàrà bá parí, gbogbo wa á kó wáìnì wa wá sí ilé ìfúntí. Wáìnì pupa olówó pọ́ọ́kú ni, àdàlù àjàrà Shiraz, Grenache àti Mataro, irú èyí tí àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn lè rà láìwo ojú ìyàwó. Kò sí orúkọ lára ife. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, èmi ni mo ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Ilé ìdáná ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ohun tí mo bá sọ, abẹ gé e.

Lọ́dún tí ìjọba ń fún àgbẹ̀ lówó kó hú igi àjàrà àtijọ́, ilé ìtajà ńlá kan fẹ́ mú wáìnì ẹnì kan ṣoṣo láàárín wa láti máa tà. Rex, àbúrò mi tí òun náà ń ṣe wáìnì, wọlé wá bá mi. Ó ní, "Elva, Wáìnì Clarrie Zander ni wọ́n máa mú. Tí wọ́n bá mú un, mo gbé. Ẹnu rẹ ni mò ń wò o."

Lọ́jọ́ ìtọ́wò, mo gbé ife kejì sẹ́nu. Áà! Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Grenache tí bàbá bàbá Clarrie gbìn sórí yanrìn ni, ó ń ta sánsán bí èso tí ìyá mi ń sè pẹ̀lú ṣúgà. Omi lé sí mi lójú. Mo tu ú dànù. Mo ní, "Èyí ti bàjẹ́. Ó ń rùn bíi páálí tí omi rin."

Gbogbo wọn ki imú bọ ife, wọ́n ń mi orí. Clarrie fúnra rẹ̀ gbóòórùn páálí nínú tirẹ̀! Ó ní, "Òótọ́ ni, Elva. Páálí gidi. Àṣé imú mi ti kú, n kò mọ̀."

Bí wáìnì rẹ̀ ṣe bọ́ nìyẹn. Clarrie gba owó ìjọba, ó hú àwọn igi àjàrà bàbá bàbá rẹ̀ tán.

Ẹ rò pé ó parí? Èmi olójú kò-tì-mí yìí lọ síbi tí wọ́n ti ń dáná sun gbòǹgbò àjàrà náà. A yan sọ́séèjì lórí ẹ̀yinná rẹ̀. Clarrie fi èyí tó sanra jù sínú búrẹ́dì fún mi. "Gbà, Ahọ́n wa. Ìwọ lo yọ mí nínú ìtìjú." Mo jẹ ẹ́. Mo tún ní kí wọ́n fi ọbẹ̀ tòmátò kún un!

Clarrie kò fẹnu kan wáìnì mọ́ títí tó fi kú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá tu wáìnì dànù, ẹ kọ́kọ́ mu tiyín wò.

Merle, ìyàwó Clarrie, mo rí ọ níwájú níbẹ̀. Wọ́n ní ọkọ rẹ ń bi ọ́ léraléra lórí ibùsùn àìsàn pé kí ló ṣe wáìnì òun. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó dùn. Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é, ṣùgbọ́n bí o bá dé ibojì rẹ̀, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún un.