Èjìká Hamdalah

Èmi Sàlàkọ́ aláwàdà, kò sẹ́ni tí n kò lè pa lẹ́rìn-ín láti Ìkọ̀tún dé Ìgàndò. Mo ti pa ọmọ olóòkú lẹ́rìn-ín rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí ìyá rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí n kò rí pa lẹ́rìn-ín mọ́, inú ilé mi ló sì ń gbé. Ohun tí mo ṣe sí i ti há mi lọ́fun láti oṣù mẹ́rin. Tí n kò bá pọ̀ ọ́ síwájú yín lónìí, yóò pa mí.

Hamdalah ni, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Èjìká rẹ̀ máa ń ta fúnra rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ a sì ké "hùn!" láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ní, "Ẹ fún un ní pàṣán jàre, àṣà burúkú ni." Ganiyat ìyàwó mi kọ̀. Ó wá Àǹtí Adébùnmí rí, tó ń fi fídíò orí fóònù kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Àǹtí kò fún un lóògùn. Ó ní tí èjìká bá ti fẹ́ ta, kó rọra tẹ ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, kó máa mí títí yóò fi kọjá. Ó wá kọjú sí mi: "Dádì Hamdalah, ẹ jókòó tì í lójoojúmọ́ tó bá ń dá a ṣe níwájú kámẹ́rà fóònù, ẹ máa wò ó. Tó bá ṣe é dáadáa, ẹ yìn ín. Tó bá ta, ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ má sì rẹ́rìn-ín o." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi kì í rẹ́rìn-ín, títà ni mò ń tà á."

Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọmọ náà ti ń jókòó ní kíláàsì láìké. Mo jókòó tì í lóòótọ́, àmọ́ olè ló jókòó. Àwàdà ti tán lápò mi. Inú fóònù tó wà níwájú wa ni mo ti ń wo èjìká rẹ̀, tí mò ń kọ́ bó ṣe ń ta kí n lè fi ṣàwàdà. Nígbà tí títa ọ̀hún dín kù, tí n kò sì tíì mọ̀ ọ́n ṣe tán (ẹ gbá mi létí!), mo ní, "Hamdalah, fi ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀ lónìí. Jẹ́ kó ta, kí Dádì rí i."

"Àǹtí ní kí n má jẹ́ kó ta."

"Èmi ni bàbá rẹ àbí Àǹtí?"

Ó jẹ́ kó ta. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo sì ń sọ fún Àǹtí pé ẹ̀kọ́ ń lọ dáadáa.

Ní gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò Pleasure, mo gbọn èjìká, mo ké "hùn!" Àwọn èèyàn ń ṣubú lu ara wọn. Fídíò rẹ̀ kárí Alímọ̀ṣọ́. Ganiyat rẹ́rìn-ín kó tó bú sẹ́kún. Àǹtí alára rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀ pé Hamdalah ni mò ń sín jẹ. Ní ilé ìwé rẹ̀ ní Baruwa, tí Hamdalah bá ti wọlé, gbogbo kíláàsì á ké "hùn!" Kò jókòó síwájú fóònù mọ́. Èjìká tún ń ta, ọrùn ti bá a kẹ́gbẹ́.

Mo ti fi orí ìtàgé sílẹ̀. Kò ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ yín ra ẹ̀rín.

Lánàá mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ bíbí inú mi, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mò ń sunkún, ìyá rẹ̀ ń sunkún, Àǹtí ń sunkún nínú fóònù.

Hamdalah ní, "Dádì, èjìká òsì ni tèmi. Ọ̀tún lẹ ṣe. Inú fóònù lẹ ti ń wò mí, ó sì máa ń yí òsì èèyàn padà sí ọ̀tún bíi dígí. Kò sẹ́nì kankan nínú yín tó mọ̀."