Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Ọwọ́ Dùnmínínú

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà nílé ìwé wa l'Ádó lọ́jọ́ tí a ṣí pátákó tuntun, ẹ fetí sí mi kí èémí mi tó tán. Fadá gbọ́ ìjẹ́wọ́ mi nínú àìsàn yìí, ó ní, “Tíṣà, Ọlọ́run ti dárí jì ọ́. Àwọn tó gba irọ́ rẹ gbọ́ ńkọ́?” Mi ò lè gbé e lọ sọ́run.

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lọ́dún 1998, ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ọmọ ilé ìwé wa àtijọ́ kan fi pátákó funfun náà ránṣẹ́ láti òkè òkun. Kò fẹ́ ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀rọ kan ń tan ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà sí i lára. Bí ìka bá kàn án, ìlà á máa tẹ̀ lé ìka náà. A ó ti fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ á máa kùn lóde, onígun mẹ́ta á léfòó nínú ìmọ́lẹ̀, eruku ọyẹ́ á máa rìn gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó máa ń dà bíi pé mo ń sùn, tí mo sì lajú sílẹ̀. Kí a tó lò ó, á gbé àmì kéékèèké jáde, a ó fi ìka tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí o bá tẹ̀ ló máa gbà pé àmì wà. Kò lójú, ohun tí o bá kọ́ ọ ló mọ̀.

Dùnmínínú, ọmọ ọdún méjìlá, ọlọ́wọ́ òsì, tètè mọ̀ ọ́n lò. Ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pariwo pé, “Dùnmí, ya púríńsípà sí i!” Púríńsípà ní Dùnmínínú ni kó fi pátákó náà han ẹ̀yin òbí. Ìlara mú mi, èmi àgbà burúkú! Mo fẹ́ kí pátákó náà gbọ́ tèmi nìkan. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo tẹ ẹ̀gbẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan dípò àárín rẹ̀, kí ìlà lè máa jáde níbi tí ìka kò sí.

Ẹ rántí. Ọmọ náà fọwọ́ kan onígun mẹ́ta, ìlà jáde lọ́ọ̀ọ́kán. Ó pa á rẹ́, ó tún un fà, bákan náà ni. Bàbá Ayọ̀rìndé, ọ̀kan nínú yín, pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ọwọ́ òsì kẹ̀! Ṣé ọwọ́ tí o fi ń kí bàbá rẹ nìyẹn? Tíṣà, àbí ẹ̀rọ òyìnbó náà mọ̀ ọ́n ni?”

Ǹ bá ti sọ òótọ́ níbẹ̀, àmọ́ mi ò sọ ọ́. Mo ní, “Ó mọ̀ ọ́n, sà. Ó kọ ọwọ́ òsì.” Mo wá fi ìka ọ̀tún mi sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó yẹ, níbi tí mo mọ̀ pé pátákó náà yóò gbà, ìlà sì la onígun mẹ́ta sí méjì géérégé. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìyá Dùnmínínú fi aṣọ di ọwọ́ òsì náà, kó lè máa fi ọ̀tún kọ̀wé. Ọmọ tó ń fi ìṣirò ṣeré kò lè kọ nọ́ńbà tó ṣeé kà mọ́. Kí sáà tó parí, wọ́n ti mú un lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nílùú Ìyìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí ọlọ́kadà rọra gbé mi lọ bá a. Mo ní, “Dùnmínínú, èmi ni mo kọ́ pátákó náà ní irọ́.”

Kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń gé. “Mo mọ̀, sà. Mo rí ibi tí ẹ fi ìka yín sí.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Ṣé kí n pe tíṣà ní òpùrọ́ lójú àwọn àgbà ni, sà?”

Ẹ̀yin tíṣà ọ̀dọ́, ẹ ṣọ́ra fún ohun tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá Dùnmínínú, ẹ̀rọ náà kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Èmi ni mo purọ́. Ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà mú un padà sílé ìwé, kó máa fi ọwọ́ tó bá wù ú kọ̀wé.